Kọ̀ǹpútà Mi Ti Mọ Òǹkà Wa

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Aláàánú,
                                        Iyana Iyesi, Ọ̀tà.
                                        17 Oṣù Kọkànlá, 2009.

Afeezat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara Àlàájì ti le dáadáa báyìí? Ìyá ńkọ́, ṣé ọjà ń tà? Ọlọ́run á jẹ́ kí ayọ̀ wa kalẹ̀. Ara tèmi le, ìwé yunifásítì nìkan ló fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi jó lánàá o!

Ṣé o rántí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjù tí mo ròyìn fún ọ lọ́dún tó kọjá, tí oúnjẹ tán, tí àwọn àlejò sì gbé ebi lọ sílé? Ojú ti gbogbo wa. Lọ́dún yìí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi Java, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣe iṣẹ́ kan: kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì tẹ iye èèyàn tó wọlé, kí kọ̀ǹpútà ro ó pọ̀, kí àwọn alásè lè mọ iye abọ́ tí wọn yóò bù.

A dán an wò ní Sátidé. Mo tẹ 40 fún ẹnu ọ̀nà kan, mo tẹ 35 fún èkejì. Ohun tó gbé jáde ni 4035! Màmá Afọlábí, olórí àwọn alásè, ká ọwọ́ lérí.

"Yẹ́misí, ta ni yóò se oúnjẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn? Ṣé gbogbo Adó-Odò ló ń bọ̀ ni?"

Bàbá Ògúnlàdé, alàgbà tó ń ṣètò ìkórè, ní kí n palẹ̀ ẹ̀rọ mi mọ́, pé ojú làwọn yóò fi wọ̀n ọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ní kí n lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mo jókòó tì í. Àṣé ohun tí èèyàn bá tẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ lásán ni Java kà á sí! Bí o bá so "Ọ̀" mọ́ "tà", Ọ̀tà ni yóò dà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe so 40 mọ́ 35. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà di nọ́ńbà. "parseInt" ni wọ́n ń pe àṣẹ tó ń ṣe é. Mo fi í sí i, mo tún un tẹ̀: 75! Igbe tí mo ké, àwọn ará ilé rò pé ejò ni mo rí.

Lọ́jọ́ Àìkú tí í ṣe ọjọ́ ìkórè, oúnjẹ kárí tàlejò tonílé. Alàgbà fúnra wọn wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ni Màmá Afọlábí bá ní àwọn náà fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rọra wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ "ogójì". Gbogbo ẹ̀ dúró gbagidi.

"Kí ló ṣe é? Ṣé ogójì kì í ṣe iye ni?"

"Màmá, kò gbọ́ Yorùbá ni."

"Kí lo wá ń ṣe tóò kọ́ ọ?"

Afeezat, mo pinnu láti kọ́ ọ ní òǹkà wa. Ilé ni mo gbà lọ. Ogún, ọgbọ̀n, ogójì kò le. Márùndínlọ́gọ́ta ló yọ mí lẹ́nu: mo ní láti kọ́ ọ kó kọ́kọ́ dé ọgọ́ta, kó tó yọ márùn-ún kúrò. Lánàá, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà, mo pa ojú dé. Nígbà tí mo là á, 55 ló wà níwájú mi!

Mo gbé kọ̀ǹpútà ó di ilé Màmá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá sáré bọ́ síta, wọ́n ń pe gbogbo àdúgbò: "Ẹ wá wò ó o! Ó ti gbọ́!"

Bá mi kí Àlàájì àti Ìyá. Sọ fún Rauf àbúrò rẹ pé mo ń béèrè rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn,
Olúwayẹ́misí.