Má Yọ Òrùka Ìdodo Yẹn

Àbúrò mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo ń fa aṣọ bò ọ́ láàárọ̀ yìí, mo rí ọyún tó gbẹ mọ́ ara aṣọ tí o fi sùn. Ìdodo rẹ ti wú, ó sì pupa fòò. Irọ́ ni gbogbo "kò dùn mí" tí ò ń sọ látijọ́ yìí.

Má yọ òrùka náà fúnra rẹ. Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ó ní tí ojú ihò bá pa dé, inú ni ọyún máa há sí. Fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, kí o fi omi iyọ̀ tí mo dé sínú ife yìí rọra nù ún. Má fi sípíríìtì sí i, má fi ìpara sí i, má sì wọ ṣòkòtò tó fún. Nọ́ọ̀sì á wá wò ó lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n tí ara rẹ bá gbóná, tàbí tí pupa náà bá ń tàn káàkiri, má dúró dè é, gba ọsibítù lọ.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ, àmọ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ.

Màmá ti mọ̀. Má bínú, ojú wọn ni mo ti se omi iyọ̀ náà, mi ò sì lè purọ́ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọ́n kàn lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbi tí o sùn sí, wọ́n wo ìdodo rẹ, wọ́n ní, "Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ́ ọ, kí ó tó lẹ́nu tó ń fi bá mi jiyàn."