Ta Lẹnìkejì Nínú Yàrá Yẹn?

Olówó orí mi, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ jókòó, òfófó wà ńlẹ̀! Láàárọ̀ yìí, obìnrin tó ń bá yín wá ilé ní yunifásítì òkèèrè yẹn pe fóònù tẹ́ ẹ gbàgbé. Ó ní yàrá ẹlẹ́ni méjì tẹ́ ẹ bèèrè ti wà. Ẹlẹ́ni méjì kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé yín ò gba kéèyàn mú ìyàwó dání? Mo ní ta lẹnìkejì, ó ní ẹ ò tíì fún òun lórúkọ. Mo bá fún un ní tèmi. Mo ń lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Fóònù yín wà lápò mi, bóyá ẹnìkejì ọ̀hún á pè. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ̀ bá ṣe?