Ìbọn Òyìnbó Tí Ẹ Kò Rà

Bàbá mi àtàtà,

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí a sin yín, inú sì ń bí mi sí yín. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà rò pé àdúrà ni mo tún fẹ́ fi ránṣẹ́. Àdúrà pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aáfà.

Ọdún mẹ́rin ni èmi àti ẹ̀yin fi wá ìbọn. Ẹ ní ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ fún bàbá yín ti sú yín, ìbọn òyìnbó lẹ fẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára. Gbogbo ìgbà tí poli bá ti fún wa ní ìsinmi, èmi àti ẹ̀yin á wọ mọ́tò láti ilé wa ní Malete wá sí Ìlọrin, ó di ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìbọn. Ẹ kì í wo ìbọn. Ẹ máa ń fọwọ́ pa á ni, láti ìdí dé ẹnu, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó gbé e lé èjìká, ẹ ó dijú. Mo rò pé bí àwọn àgbà ọdẹ ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo fi yín yangàn ní poli.

Èyí àkọ́kọ́ wúwo. Èkejì fúyẹ́, ẹ ní ó dà bí ẹni gbé ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìkẹta, ẹ ní igi ìdí rẹ̀ ń rùn bí àga kóòtù. Ìkẹrin kò ní àléébù kankan, ọlọ́jà sì ti ń wá bébà tí yóò fi dì í.

“Ó dára jù,” lẹ wí. “Ẹran á ti rí i kó tó rí ọdẹ.”

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó ni, àbí ẹran?”

“Ẹran ló máa kú. Ó yẹ ká bi í.”

Èmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo fi téèpù wọn èjìká yín àti apá yín, mo ya ìbọn tí yóò bá yín mu sórí bébà ńlá. Ẹ gbà á, ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ yìn mí gidigidi. Ẹ dorí rẹ̀ kodò lọ́wọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Mo rò pé àwàdà ni.

Nígbà Sáàpù, tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń jẹ gàrí lásán, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ ni ẹ máa ń dì fún mi padà sí poli.

Lọ́jọ́ fìdáù yín, nígbà tí àwọn aáfà jẹun tán, ẹgbẹ́ ọdẹ dé. Ẹ mọ àṣà wọn: ìbọn olóògbé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dún kí tiwọn tó tẹ̀lé e. Èmi ni mo gbé ṣakabùlà yín jáde, mo gbé e lé èjìká bíi ṣọ́jà. Bàbá Lámídì, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń wọ igbó, ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn náà kí ó lè ki ẹ̀tù. Ọ̀pá kò wọlé. Wọ́n gbọn ìbọn, amọ̀ gbígbẹ já bọ́. Kòkòrò ti kọ́lé síbẹ̀, ó ti bímọ, ó ti kó lọ.

“Ẹ̀yin ará, onílé wà níbí o!” ọdẹ kan pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí mo fi rí i pé ìyá wa kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Lámídì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Injiníà, bàbá ẹ ò yìnbọn láti ìgbà tó o ti wọ poli. Ojú ẹ̀ ti lọ.”

“Ẹran tí wọ́n ń gbé wálé ńkọ́?”

“Èmi ni mo ń pa á. Òun ló ń gbé e wálé.”

Ìyá wa mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ̀. Mo padà lọ bá ọlọ́jà ìbọn, òun náà mọ̀. Ó ní ẹ máa ń kọ́kọ́ fi ìka wá ihò kí ẹ tó mọ ibi tí ẹnu ìbọn wà. Èmi nìkan ni mo ń wá ìbọn.

Kí ni mo ṣe fún yín, Bàbá?

Ìyá wa ló dáhùn. “Ẹnu ẹ ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n ní tó o bá mọ̀, o máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín tí ẹ̀yin ọmọ poli ń tẹ̀.”

N kò lè jiyàn. Nígbà ìsinmi mi àkọ́kọ́, mo sín bàbá ọdẹ kan ní abúlé kejì jẹ, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tó yìnbọn pa àgùntàn ara rẹ̀, tó tún ń pe aládùúgbò wá wo ìgalà. Mo ti kọ ọ́ jáde ní poli, mo tún ṣe é fún yín lójú agbo ilé. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín jù, ẹ ń fi etí bùbá nu ojú. Ṣé ẹ̀rín ni, Bàbá?

Síbẹ̀, ẹ fọkàn tán ẹni tó ń ta ìbọn, ẹ kò fọkàn tán mi. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún dókítà ojú kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ó jọ awọ funfun tó máa ń bo ẹyinjú àgbàlagbà, wọ́n máa ń yọ ọ́, kì í sì í gbà ju àárọ̀ kan lọ. Ilé ìwòsàn rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti kọjá níwájú rẹ̀?

Òótọ́ ni, ǹ bá fi yín rẹ́rìn-ín. N kò ní torí pé ẹ ti kú kí n purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kìíní, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ǹ bá kọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ǹ bá di ọwọ́ yín mú, kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí.