Jíà Mẹ́fà, Kò Sí Awakọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Mo ra ìwé yìí torí ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi kò ṣeé sọ fún ẹlẹ́ran ara. Àbúrò mi tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wa láti ọdún mẹ́rìnlá ní òun ń lọ ní ìparí oṣù. Ó ríṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń ja tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ náà sì ti gbó kọjá àtúnṣe. Ìyàwó mi — Ọ̀gá Àgbà — ní ká ra pikọ́ọ̀pù tuntun, kí n máa fúnra mi fi gbé ilẹ̀kùn tí mo bá kàn lọ fún oníbàárà. "Ṣebí ẹ ti wakọ̀ rí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́ ni. Ìgbà tí mò ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ ni mo pa á, pé mo ti wa tírélà rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti fi ọdún méjì lé e, mo rò pé ó ti sá àsálà. Kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá máa ń gbé mi ṣubú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ilé ìtajà ọkọ̀. Ẹni tó ń tà á — Ẹnu Oyin ni màá máa pè é — bi mí bóyá èyí tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á ni mo fẹ́, àbí èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Mo fọwọ́ lérán. Mo ní ọwọ́ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ló wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà mọ ọkọ̀ o!" Orí mi wú. Mo gba ìwé ọkọ̀ náà wálé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo ti há ìwé náà sórí. Ẹ́ńjìnnì méjì: ti bẹntiróòlù yára, kì í pariwo, ti dísẹ́ẹ̀lì ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, àmọ́ ó lè fa ilé. Jíà mẹ́fà tí à ń fọwọ́ yí, tàbí èyí tó ń dá yí ara rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́: ìjókòó aláṣọ, kò sí fáàrí. Ti ọ̀gá: ìjókòó aláwọ tó ń gbóná nídìí èèyàn, fèrèsé lórí òrùlé. Kí ni gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ fi ìdí gbígbóná ṣe? Mo ṣáà fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
A jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù: èmi, Ọ̀gá Àgbà, àbúrò mi, àti mẹkáníìkì wa. Mo ṣàlàyé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí mẹkáníìkì fi ń mi orí. Ọ̀gá Àgbà ní, "Èyí tó ń dá yí jíà ò ní rọrùn fún yín? Ẹ ní ojú yín ò gba oòrùn." (Àwáwí tí mo fi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.) Mo ní ojú mi ti yá. Mo tún ní ọkùnrin gidi kì í wa ọkọ̀ tó ń dá yí jíà. Ta ló rán mi? Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbà mí sílẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́ níwájú gbogbo ayé. Àbúrò mi kàn ń wolẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, ní òdìkejì ìlú. Mo fa fìlà bojú. Ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ ni olùkọ́. "Bàbá, ẹ rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì." Ọkọ̀ ta bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kú. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá. Mo sọ fún un pé oní-dísẹ́ẹ̀lì tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni mo fẹ́ rà. Ó wò mí. Ó ní ká kọ́kọ́ jáde nínú ọgbà ná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
A jáde nínú ọgbà. A padà wọlé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo ti fọwọ́ sí i. Dísẹ́ẹ̀lì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jíà ọwọ́, ti ọ̀gá. Ẹnu Oyin ní kí n dán an wò. Mo ti àbúrò mi síwájú. Ó wà á yípo bí ẹni ń da omi. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì. "Bọ̀dá mi, ọkọ̀ yìí dáa. Ẹ máa rọra o." Mo rò pé ó ń jowú.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Wọ́n gbé e dé. Ọ̀gá Àgbà wọlé, ó jókòó síwájú, ó tún gèlè ṣe. "Ó yá, ẹ gbé mi jáde." Mo jókòó sídìí ọkọ̀. Ìdí mi ń gbóná — mi ò mọ ohun tí mo tẹ̀. Òógùn bò mí. Ni mo bá jẹ́wọ́, látorí tírélà dórí olùkọ́.

Kò pariwo. Ó ní ìgbà tí màá fẹnu ara mi jẹ́wọ́ lòun ti ń dúró dè. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún tí a ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dí géètì. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo pe èèyàn mẹ́rin kí wọ́n wá bá mi tì í. Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àbúrò yín náà mọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé táwọn iléeṣẹ́ ojú irin ti pè é, pé kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa rélùwéè. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, kójú má bàa tì yín. Ó padà lọ bá wọn lọ́dún yìí, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kù."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Oúnjẹ ò wọlé. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí. Ọdún mẹ́sàn-án ayé ọmọ ìyá mi ni mo fi bo irọ́ tí mo pa fún ọmọge tí kò tiẹ̀ bi mí.

Pikọ́ọ̀pù wà níwájú ilé, ó ń dán. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi kú oríire. Mò ń lọ bẹ àbúrò mi báyìí. Ilé rẹ̀ jìnnà. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn.