Ìka Ẹsẹ̀ Ṣẹ̀ríìfù

Ṣakété,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Ṣẹ̀ríìfù Àkànní, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ pọ́ọ̀tù, mo kí ọ kú ewu ọ̀bẹ, mo sì kí ẹsẹ̀ rẹ lọ́tọ̀, nítorí òun ló mú mi kọ̀wé yìí. Allah kò ní í jẹ́ ká tún gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Ràhmát, ọmọ Jàmíátù ará ilé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tiẹ̀ kún un.

Ará ilé ń kí ọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Adélékan onításì, tó ń fi mọ́tò ná Kùtọ̀nú, wọlé tọ̀ mí wá lánàá, kò tilẹ̀ jókòó, ó ní wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ kan ní Kùtọ̀nú, ó ní ṣúgà ló jẹ ẹ́. Mo ní irọ́ ni. Ṣúgà wo ló ń jẹ ènìyàn? Ènìyàn ló ń jẹ ṣúgà!

Ṣé ohun tí ìwé tí o fi ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù mi nígbà ààwẹ̀ ń sọ nìyẹn? Mo rí i pé wọ́n kọ mẹ́ta síwájú orúkọ rẹ, wọ́n sì kọ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rò pé ìdánwò ni, pé o gba mẹ́ta níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti gba ọ̀kan. Mo pa adìyẹ, Àkànní! Mo pe àwọn áfáà, wọ́n ṣàdúà pé kó máa lọ sókè sí i. Àná ni Ràhmát tó là á yé mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ni wọ́n kà, ọ̀kan ló sì yẹ kó jẹ́. Yéè! Èmi ìyá rẹ ni mo ṣe àmí sí i. Mo ti padà lọ bẹ àwọn áfáà pé kí wọ́n bá mi yí àdúà náà padà.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí mo wá sí yàrá rẹ ní Agblangandan lẹ́bàá Kùtọ̀nú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, n kò gbóòórùn iná. Ìkòkò tí mo rà fún ọ, wáyà tẹlifóònù lo kó sínú ẹ̀. Ebi pa wá, o tẹ tẹlifóònù, ni onízémìjàn bá fi alùpùpù rẹ̀ gbé páálí dé, adìyẹ díndín, ànàmọ́ òyìnbó díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo bi ọ́ pé ta ló sè é, o ní o ò mọ̀. O ò mọ ọwọ́ tó sè é, o sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́! Gbúre, irú àti ẹja gbígbẹ tí mo ń fi rán Adélékan sí ọ, inú fírígò ni mo bá wọn, wọ́n ti gan sínú yìnyín. O ní o ò ráyè sè é. O ti wá ráyè dùbúlẹ̀ báyìí. Bàbá rẹ lé lọ́gọ́rin ọdún kó tó kú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la sin mọ́ ọn. Ìwọ ò tíì pé ogójì.

Ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi nìyí: níbo ni wọ́n gbé ìka náà sí? Adélékan ò mọ̀. Ara Mùsùlùmí kì í ṣe ohun tí à ń dà sí ààtàn. Áfáà ní ká sin ín. Bá mi gbà á lọ́wọ́ wọn, fi aṣọ funfun wé e, jọ̀ọ́ má fi í sínú páálí adìyẹ, kí o fi rán Adélékan. Mo ti gbẹ́ ihò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ.

Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ wá máa dáná fún ọ. Kó wáyà kúrò nínú ìkòkò kí n tó dé. Ràhmát ní kí o má fi oògùn dọ́kítà ṣeré o. Ó ti fi tiẹ̀ kún un nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Allah á fún ọ ní àlàáfíà, á dá ìka mẹ́sàn-án tó kù sí, o ò ní í ṣíwájú mi lọ. Àkànní, ihò tí mo gbẹ́ yẹn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Má jẹ́ kí n tún gbẹ́ èyí tó tóbi jù ú lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀bí.