Okùn Bàtà Rẹ Wà Lára Férémù

Àbdùlràhmọ̀n, ọ̀gá mínísírì,

Má wá okùn bàtà rẹ kiri ilé. Mo so méjèèjì pọ̀ sára férémù kẹ̀kẹ́ tí mo ń fi iná jó irin rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìnkùlé. Má bínú.

Ìwọ lo sọ fún Dókítà Hadassah tó ni iṣẹ́ pé férémù náà wọ́, pé kí ni èèyàn ń retí lọ́wọ́ ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì mẹ́rin. Dókítà pè mí láàárọ̀ yìí pé àwọn ò gbà á mọ́.

Mo ta okùn rẹ láti ibi táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, mo yí i ká ọrùn iwájú, mo dá a padà sápá òsì. Mú rúlà rẹ, kí o wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti irin ìjókòó lápá méjèèjì. Bí wọn ò bá dọ́gba, ayùn wà ńlẹ̀, gé férémù náà sí méjì. Bí wọ́n bá dọ́gba, tú okùn rẹ, kí o pe Dókítà. Ẹnu tí o fi sọ pé ó wọ́ ni kí o fi sọ pé ó gún.

Mo ti lọ ra ọ̀dà rẹ̀ ní Kugbo. Bí o kò bá fẹ́ pè wọ́n, sálúbàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mùkáílà