Orúkọ tí mo fún Eyínfúnjowó

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Kóòtù ti tú wa ká. Lọ́yà ní bí mo bá fẹ́, kí n ṣì máa jẹ́ orúkọ ọkọ mi. Mo ní rárá o, ti bàbá mi ni màá padà sí. Ìyẹn ò le.

Àfi bí mo ṣe pàdé àbúrò ọkọ mi obìnrin ní òpópónà Ripple Road lónìí, níbi tí mo ti lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé ni mo ti sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Mo ti pinnu pé Bùsọ́lá, orúkọ rẹ̀ gan-an, ni màá máa pè é báyìí.

Mo la ẹnu, ó di "Eyínfúnjowó mi!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ mà rù o." Ló bá gba báàgì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Nínú gbogbo ohun tí kóòtù tú ká, wọn ò dárúkọ Eyínfúnjowó.